Ìdámẹ́wàá Màmá Délé

Ẹjọ́ ikú ni wọ́n dá fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi, ó kó ìwé ẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ẹnikẹ́ni ò parọ́ mọ́ mi. Ọlọ́pàá ò nà mí kí n tó jẹ́wọ́. Èmi ni mo pa Délé, ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bi mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni bí mo ṣe débẹ̀, torí àwọn èèyàn rò pé ṣe ni apànìyàn máa ń jókòó, tó máa ń gbèrò ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Èmi ò gbèrò nǹkan kan. Mo kàn ń ṣẹ́ dọ́là ni.

Inú ọgbà kan náà ní Ìgàndo ni èmi àti Délé ti dàgbà. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, Màmá Délé ló ń bu oúnjẹ fún mi pẹ̀lú ti ọmọ wọn. "Ọkọ mi" ni wọ́n máa ń pè mí. Nígbà tó yá, Délé ríṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, èmi náà gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòtún, mo ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún àwọn èèyàn. Oṣooṣù ni Délé ń fi owó oúnjẹ àti owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀. Àmọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ kan pe Màmá lórí fóònù, wọ́n sì gbá gbogbo ohun tó wà nínú àkáǹtì wọn lọ. Látọjọ́ náà, Màmá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ báǹkì sétí mọ́. Ìdí nìyẹn tí Délé fi pè mí.

"Ọ̀rẹ́, orúkọ ẹ ni màá máa fi owó Mọ́mì ránṣẹ́ sí. Gbà á ní dọ́là, kó o lọ ṣẹ́ ẹ níta, torí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ níta sàn ju ti báǹkì lọ. Sọ iye tó bá jẹ́ fún mi, kó o wá gbé e lọ fún wọn."

"Ìyẹn náà ni? Wàhálà wo ló wà níbẹ̀?"

"Màá máa fi owó ọkọ̀ kún un fún ẹ."

"Gbé owó ọkọ̀ ẹ sọ́hùn-ún jàre! Ṣé ìyá ẹ kọ́ ni ìyá mi ni?"

Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Nígbà tá a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbé fún Màmá, tí mo sì ń fi owó ara mi ra epo sí ọkọ̀ àlòkù mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi àwọn tó ń ṣẹ́ owó léèrè iye tí dọ́là wà, mo sọ ọ́ fún Délé, mo wá lọ sí báǹkì. Kí n tó gba owó tán kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, dọ́là ti gbówó lórí. Náírà tí wọ́n kà fún mi ju èyí tí mo pè fún Délé lọ. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń rò ó. Délé ti mọ iye tí ìyá ẹ̀ máa gbà. Màmá á sì gba iye yẹn pé pérépéré. Owó ta ni mo wá jí? Mo fi èyí tó lé ra epo sínú ọkọ̀ mi, mo sì ń kọrin lọ sílé.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí èlé yẹn bí ẹni ń retí owó oṣù. Ìgbà tí dọ́là wá dúró sójú kan, tí èlé ò sí mọ́, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú owó Màmá gan-an.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé Màmá kì í pe iye owó lórí fóònù. Wọ́n ní ògiri ọgbà àwọn fúyẹ́, pé aládùúgbò ò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wọlé fún èèyàn. Ìṣojú mi ni wọ́n ti máa ń pe ọmọ wọn: "Délé, mo ti rí nǹkan tó o fi ránṣẹ́ o. Ọlọ́run á máa pèsè fún ẹ." Délé á ṣàmín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ló wà lọ́kàn Délé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí jókòó. "Ọkọ mi, ṣé nǹkan ò le fún Délé lọ́hùn-ún ṣá?"

"Kí lẹ rí, mà?"

"Nǹkan tó ń fi ránṣẹ́ ló ń fà sẹ́yìn. Má sọ fún un o, kò gbọ́dọ̀ máa ronú. Mo ti ń lo oògùn mi lónìí, mo ń fo ọ̀la. Ara mi sì le, o rí mi náà."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú etí mi méjèèjì, mo sì jẹ ẹ̀wà tí wọ́n bù fún mi tán. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Lọ́jọ́ náà, ojú ò tì mí tó.

Ohun kan ni mi ò rò sí. Màmá kì í ná kọ́bọ̀ nínú owó kankan láìtíì yọ ìdámẹ́wàá ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orúkọ Délé ni wọ́n fi ń san án ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi kan pé ẹni tó ni ìdámẹ́wàá gbọ́dọ̀ mọ iye ẹ̀, kó lè fi ẹnu ara ẹ̀ gbàdúrà sí i. Màmá ò ka ìyẹn sí pípe iye owó, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni lójú tiwọn. Wọ́n délé, wọ́n pe ọmọ wọn. Ilé ẹjọ́ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí wọ́n jọ sọ.

"Délé, mo ti san ìdámẹ́wàá ẹ o. Ẹgbẹ̀rún méjìlá. Gbàdúrà sí i."

"Ẹgbẹ̀rún mélòó, Mọ́mì?"

"Méjìlá. Àbí mo ṣì í kà ni?"

Délé ò dárúkọ mi rárá. Ó kàn ní, "Ẹ ò ṣì í kà, Mọ́mì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé ìdámẹ́wàá yín di ogún ẹgbẹ̀rún, kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo ti délé nìyẹn."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló pè mí pé òun ń bọ̀, pé kí n má sọ fún Mọ́mì, òun fẹ́ já lù wọ́n ni. Mo lọ gbé e ní ẹ́pọ́ọ̀tù. Ìrọ̀lẹ́ la dé yàrá mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, kó lè wẹ̀, kó sinmi. Ó jẹun díẹ̀, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, kí ni ìdámẹ́wàá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba?"

"Ogún ẹgbẹ̀rún." Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú.

"Kí ló wá dé tí Mọ́mì fi ń san méjìlá?"

"Bóyá wọ́n ń tọ́jú díẹ̀ níbẹ̀."

"Mọ́mì mi? Nínú ìdámẹ́wàá?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, mo ní màá san án padà.

"Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ," Délé ní. "Mi ò sì bá ẹ jà. Láàárọ̀ ọ̀la, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí Ìgàndo. Wàá fi ẹnu ara ẹ sọ fún Mọ́mì."

"Délé, mo bẹ̀ ẹ́, mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá dípò ẹ̀."

"Mọ́mì ni."

Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń wá táwẹ̀lì nínú báàgì ẹ̀. Irin tí mo fi ń tú táyà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá tó ń pè mí lọ́kọ wọn ni mò ń rò, àti bí ojú wọn ṣe máa rí. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo là á mọ́ ọn. Dókítà sọ nílé ẹjọ́ pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ilẹ̀ kan tí wọn ò tíì kọ́lé sí lọ́nà Àgbàdo ni mo sin ín sí. Lẹ́yìn náà, mo mú dọ́là tó wà nínú báàgì ẹ̀, mo lọ sí Ìkòtún, mo sì bi àwọn tó ń ṣẹ́ owó pé èló ló wà lónìí. Bí mo ṣe máa ń bi wọ́n náà nìyẹn. Mo rò ó pé bí owó Màmá bá pé, ọkàn wọn á balẹ̀, wọn ò ní tètè máa wá ọmọ wọn. Màá sọ pé fóònù Délé ti sọ nù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni mo kà, mi ò yọ nǹkan kan, mo gbé e lọ sí Ìgàndo.

Màmá jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń yọ ìdámẹ́wàá. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n gbójú sókè wò mí, mo rò pé wọ́n fẹ́ pariwo. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Ó ti dé! Délé ti dé! Níbo lo fi ọmọ mi pamọ́ sí, ìwọ ọmọ yìí?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n lọ sídìí ọkọ̀ mi, wọ́n ń gbá gíláàsì. "Délé, bọ́ sílẹ̀! Mo ti mọ̀, mo ti ka ìdámẹ́wàá mi!" Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá padà wá bá mi, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn.

"Ọkọ mi, kí ló dé tó o fi ń sunkún?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti dọ́là, mo sọ ti owó oògùn, mo sọ ti Délé. Mi ò lè ṣàpèjúwe igbe tí wọ́n ké fún yín, ẹ dákun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, owó àwọn tó wà lókè òkun ń gba ọwọ́ púpọ̀ nínú yín kọjá. Iye tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ fún yín, ẹ pe iye ẹ̀. Bó bá gbówó lórí lọ́nà, ẹ tún un pè, ó ní ẹni tó ni èlé ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti jẹ níbẹ̀, tí ẹnì kan wá ní kẹ́ ẹ lọ fi ẹnu ara yín sọ, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde, ẹ bá a lọ. Ohun tí mo torí ẹ̀ pa Délé, mo padà sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀, lórí eékún mi, níwájú gbogbo ọgbà. Délé nìkan ni kò sí níbẹ̀.