Igba Ọmọ Igi Tí Wọ́n Ní Ayọ̀rá Jí

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú arafẹ́rakù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí àga jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lójú fèrèsé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, mo kí yín. Ìyàwó olóògbé, ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ̀! Ọdún mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mi dé. Ẹ máa fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olómi. Èmi ni mò ń bomi rin ọmọ igi ní ọgbà iléeṣẹ́ tó ní òun ń dá igbó padà. Ọdún kẹjọ mi rèé nídìí rọ́bà omi. Ọkùnrin tá a wá dágbére fún yìí, èmi àti ẹ̀ la jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ayọ̀rá là ń pè é. Kí n tó jókòó, gbogbo yín máa mọ ìdí orúkọ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo pátákó tí wọ́n gbé ti ògiri yẹn ná. Ẹ wò ó dáadáa. Fọ́tò olóògbé ni, ó gbé ọmọ igi dání. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀ pé, "Wá bá wa ṣe iṣẹ́ aláwọ̀ ewé." Àwọn ọ̀gá wa ló gbé e wá. Máníjà wa rèé níwájú, ó ń fi tíṣù nu ojú tí kò sómi níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òun kan náà ló lé ẹni tó wà nínú fọ́tò yẹn dànù bí olè. Wọ́n lé e bí olè, wọ́n wá ń fi ojú ẹ̀ wá òṣìṣẹ́. Ṣíọ̀! Wọ́n tiẹ̀ ní lọ́la, lẹ́bàá sàréè, ọmọ olóògbé máa tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn, kámẹ́rà á sì wà níbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, nǹkan yìí ń kó mi nírìíra ni. Ọmọ yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ dìde.

Ṣé ẹ rí i pé ó fajú ro nínú fọ́tò yẹn? Èmi wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ibi iṣẹ́ ni. Ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni kí n rẹ́rìn-ín sí? Ewé?" Ojú tó fà ro yẹn, ọ̀rá tó wà nídìí ọmọ igi náà ló ń wò.

Kó tó dọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ gẹdú ló ń ṣe. Ọdún méjìlá ló fi wó igi. Ó ní lọ́jọ́ kan òun jókòó sórí kùkùté, òun wo iwájú, òun wẹ̀yìn, òun ò rí ibòji tí òun máa ti jẹun ọ̀sán. Ló bá gbé ẹ̀rọ ìgégi sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ń wá àwọn tó máa gbin igi, ó fò bí ọmọdé. Ó wí fún mi pé, "Ìyá Olómi, mo ti wó tó. Ẹ jẹ́ n gbìn."

Agídí ńkọ́? Ó ní in. Tó bá bá èèyàn jà láàárọ̀, á bá a jẹun lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò ní gbà láé pé òun jẹ̀bi. Ìyàwó ẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ọ́n. Tí rọ́bà omi bá wúwo lọ́wọ́ mi, á kàn wá bá mi gbé ìdí ẹ̀, á tún máa bú mi pé mò ń fi omi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ọ̀rá fún ẹni tí ò mọ̀. Inú ọ̀rá dúdú kékeré la ti ń tọ́ ọmọ igi. Tó bá tó gbìn, wàá fi ọ̀bẹ la ọ̀rá yẹn, wàá yọ ọ́ dànù, wàá wá gbé igi pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí ẹ̀ sínú ihò. Tó ò bá yọ ọ̀rá, gbòǹgbò ò ní ríbi lọ. Á máa yí ara ẹ̀ po síbẹ̀ títí á fi kú. Kò sí ìwé tó ṣòro nínú ìyẹn.

Iléeṣẹ́ wa ní ká má yọ ọ̀rá.

Ẹ gbọ́ mi? Wọ́n ní ká má yọ ọ́! Àwọn àlejò á dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tuntun, wọ́n á da erùpẹ̀ ìkúnwọ́ kan sí i, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tí ọkọ̀ wọn bá ti yí kọ́nà báyìí, àwa á bẹ̀rẹ̀ sí í hú igi. A á gbọn erùpẹ̀ dànù lára ọ̀rá, a á kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, a á kó wọn padà sọ́gbà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó dibòmíràn. Igba ọmọ igi kan náà! Ibi mẹ́fà la ti gbìn wọ́n. Nínú ìròyìn tí iléeṣẹ́ ń kà fáyé gbọ́, ó ti digbó. Wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé lóòótọ́. Ọ̀gà tó ń pàwọ̀ dà náà máa ń láwọ̀ ewé.

Ọ̀kan wà nínú igba yẹn tí ara ẹ̀ tẹ̀ bí ìgúnpá. Ayọ̀rá sọ ọ́ ní Àlejò. Tá a bá tún ń gbìn ín níbòmíràn, á ní, "Àlejò, ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò lọ́dọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí?" A á rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì wá, la ṣe ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló sì ń bi máníjà pé, "Ọ̀gá, ìgbà wo la máa yọ ọ̀rá?" bí ẹni ń kí èèyàn káàárọ̀. Máníjà ló sọ ọ́ ní Ayọ̀rá, láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ náà rò ó.

Ọjọ́ tá a gbìn wọ́n níbi keje, àwọn àlejò tètè lọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì kọjá dáadáa tá a fi hú u tán. Ayọ̀rá ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Èmi jókòó tì í, dúróòmù omi wà lẹ́yìn. Ó dé oríta tó yẹ kó ti yà sí ọgbà, kò yà. Mo ní, "Ayọ̀rá, ọ̀nà kọ́ nìyí." Ó ní, "Ìyá Olómi, ọ̀nà nìyí."

Òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé àwọn ọmọ wa ló wà á lọ, ibi tí ọ̀gbàrá ti máa ń kó erùpẹ̀ wọ kíláàsì. Òjò ti rọ̀ lánàá ẹ̀, ilẹ̀ rọ̀. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan lápò. Ó la ọ̀rá, ó gbìn, èmi bomi. Ó la ọ̀rá, ó gbìn, èmi bomi. Nígbà tá a máa fi ṣe tán, oòrùn ti ń wọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti bó. Ó kó igba ọ̀rá yẹn jọ, ó dì í, ó jókòó lé e lórí. Ó ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbin igi." Mi ò rí i kí inú ẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó di ọjọ́ Ajé, ariwo ta. Igba ọmọ igi ti sọnù! Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Igi tí wọ́n ti gbìn níbi méje, ọjọ́ tẹ́nì kan gbìn ín lóòótọ́ ni wọ́n tó mọ̀ pé ó sọnù. Ayọ̀rá ní, "Mi ò jí i. Mo gbìn ín ni." Máníjà, ẹ rántí? Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Ta ló ń gbin igi nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó?" Ẹ ní kó sọ ibi tó wà, kò sọ. Ẹ wá kọjú sí mi, ẹ ní, "Ìyá Olómi, ṣé ẹ bá a lọ?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo ní, "Rárá o. Mi ò bá a lọ."

Ó wò mí. Ara mi ti ń rí mi lára látọjọ́ náà.

Ẹ sì gbọ́ ohun tó ṣe. Ó wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì, mo rò pé ó wá bá mi jà ni. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dákẹ́. Tí wọ́n bá mọ ibi tó wà, wọ́n á lọ hú u. Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò wọlẹ̀ ná." Òun dákẹ́ nítorí igi. Èmi dákẹ́ nítorí iṣẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ìdákẹ́ méjèèjì jọra. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o, orí ọmọ wọ́, àgbà ń bomi rin ewé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀yin aládùúgbò? Ẹ ń pè é ní olè ewé. Ẹ ń fa báàgì yín mọ́ra tó bá ń kọjá. Ọmọ ẹ̀ yìí, àkọ́bí ẹ̀, wọ́n ń pè é lọ́mọ olè lójú ẹ̀. Ó bi bàbá ẹ̀ pé kí ló fi igi onígi ṣe. Bàbá ẹ̀ ní, "Wọ́n wà nílẹ̀." Ọmọ rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. Látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ wọn ò ju ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, igi ti ga. Àwọn ọ̀gá wa gba ọ̀nà ilé ìwé kọjá, wọ́n rí i. Wọn ò béèrè ta ló gbìn ín. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ níbẹ̀: "Iṣẹ́ ọwọ́ wa rèé." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó síbòji yẹn tẹ́ ẹ bá ń dúró de ọmọ yín, ibòji olè lẹ jókòó sí o! Ẹrù tí wọ́n torí ẹ̀ lé e, orúkọ tiwọn ni wọ́n kọ sí i lára. Máníjà, igi tó tẹ̀ bí ìgúnpá tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé nínú fọ́tò tẹ́ ẹ yà níbẹ̀, Àlejò nìyẹn. Ẹ ti gbìn ín lẹ́ẹ̀meje, ẹ ò dá a mọ̀!

Ẹ má kùn, ẹ jẹ́ n parí. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, mo lọ kí i. Mo ní, "Ayọ̀rá, jẹ́ n lọ sọ fún wọn wàyí." Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ fà á wò. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ méjèèjì fà á tí kò mì, ẹ sọ fún ọmọ mi." Mo ní mo máa lọ lọ́la. Ó dọ̀la, mo ní ó dọ̀tunla. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ti kú ni mo tó gba ibẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ méjèèjì di Àlejò mú, mo fà á. Èmi ni mo mì.

Ọmọ mi, dìde jẹ́ n rí ẹ. Bàbá ẹ kì í ṣe olè. Ṣé o gbọ́? Bàbá ẹ kì í ṣe olè, mo wà níbẹ̀, mo bomi sí i. Mi ò ní kó o má ṣe iṣẹ́ igbó. Bàbá ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ju oorun lọ. Mi ò tiẹ̀ ní kó o má tọwọ́ bọ̀wé wọn. Èmi ta ni, èmi tí mo fi irọ́ di iṣẹ́ tèmi mú? Mo kàn fẹ́ kó o mọ ẹni tí wọ́n ní kó o bá ṣiṣẹ́, kó o sì mọ ẹni tó bí ẹ.

Máníjà, ẹ jókòó. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi ti parí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ dìde sọ ọ́. Ẹ bá mi gbé ọmọ igi tẹ́ ẹ gbé wá yẹn, èyí tẹ́ ẹ ní ká gbìn sórí sàréè, èyí tẹ́ ẹ so rìbọ́nì mọ́ lọ́rùn. Ẹ gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí ìdí ẹ̀.

Kí nìyẹn?

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí nìyẹn? Ọ̀rá ni! Wọ́n fẹ́ padà wá hú u lórí òkú! Ẹ̀yin ò tiẹ̀ lójútì rárá?

Ọmọ mi, ọ̀bẹ bàbá ẹ rèé. Ìyá ẹ ló fún mi láàárọ̀. Gbà. Là á láti òkè wá sísàlẹ̀. Rọra, gbòǹgbò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Wá nǹkan gba erùpẹ̀ yẹn, má jẹ́ kó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì ìyá ẹ. Háà! Lẹ́tà iṣẹ́ tí wọ́n ní kó o tọwọ́ bọ̀ lọ́la yẹn lo tẹ́ sílẹ̀? Ó dáa. Òun náà ti ríṣẹ́ ṣe.

Ayọ̀rá, ó dìgbà o. Iwájú ènìyàn mélòó kan ni mo ti sẹ́ ẹ, iwájú gbogbo wọn ni mo ti jẹ́wọ́ yìí. Dárí jì mí. Máa lọ ní pẹ̀lẹ́, kí òkúta má gún ẹ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ìwọ ti da tìẹ. Tó o bá débẹ̀, má jókòó sóòrùn, wá ibòji. Tí kò bá sí, gbin ọ̀kan. Ilẹ̀ tá à ń gbé ẹ lọ lọ́la ti mọ ọwọ́ ẹ tipẹ́. Sùn, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó máa hú ẹ.