Akọ Ni Mo Mú fún Màmá Afi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo rẹ́ jẹ fẹ́ fún mi lẹ́bùn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Datcha ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Màmá Afi, àbúrò bàbá ọkọ mi, ń gbé ní Akparé. Opó ni, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó fún mi ní àgbébọ̀ adìẹ kan ní àgbàsìn, pé kí n máa tọ́jú rẹ̀, kí a sì jọ máa pín ọmọ tó bá pa. Ó wù ú kí adìẹ tún kún àgbàlá tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a máa ń pín wọn nígbà tí ìyá wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Orí kálukú ló ń yàn fún un.

Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ àwọn àgbà ti kọ́ mi láti máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ìkùukùu bá bo àgbàlá, tí àwọn òròmọdìẹ ń rìn nínú rẹ̀ bí èéfín tó ní ẹsẹ̀, mo máa ń gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogbe orí akọ máa ń tètè yọ, ó sì máa ń pọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń nípọn ju ti abo lọ. Mo kọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ó dà bí àlá tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára.

Lọ́jọ́ ìpín, mẹ́jọ ló wà nínú agbọ̀n. Ẹni tó ni ìyá adìẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú. Màmá Afi na ọwọ́, ó sì fà á padà.

“Ìyàwó, bá mi mú tèmi. Ìwọ lo tọ́ wọn.”

Mo mú akọ mẹ́rin fún un.

Mo fẹ́ sọ pé ọwọ́ mi ló ṣì í. Irọ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹyin máa wà nílé fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pín. Abo kan péré ló dé ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn náà nítorí pé akọ kò tó.

Nígbà tí àwọn àkùkọ rẹ̀ ń kọ, ó pe àwọn aládùúgbò.

“Ẹ wá wo ilé opó! Ọkọ kan ṣoṣo ló kú, ẹ wo iye tí ìyàwó wa fi rọ́pò rẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ṣe àwàdà mọ́.

“Orí mi kò gba adìẹ, ìyàwó. Bóyá mo ṣẹ ọkọ mi ni. Alaalẹ́ ni mo ń bẹ̀ ẹ́. N ó gbé abo kan tó kù wá fún ọ lẹ́yìn ìsìn. Ọwọ́ tìrẹ dára.”

Láti ìgbà náà, bí mo bá jókòó ní àgbàlá, ohùn àwọn adìẹ mi máa ń jìnnà sí mi, bí ẹni pé odò wà láàrin wa.

Ọkọ mi kò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá Màmá Afi ní Akparé kí ó tó gbé adìẹ náà kúrò nílé? Mo lè dá àwọn abo padà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ó ti bẹ òkú, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, báwo ni mo ṣe máa dá ìyẹn padà fún un?