Ẹ̀gẹ́ Tó Re Òkè Òkun

Ní ìsọ̀ aláṣọ kan lọ́jà Ẹ̀jìnrìn ni mo wà tí ìyá àgbà kan, tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ní Ìjẹ̀dẹ́, fi itọ́ rin ìka, tó sì fi ra etí aṣọ tuntun.

Aláṣọ ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Aṣọ ìlú òyìnbó nìyẹn. Ẹ ò rí bó ṣe le koko?"

"Sítáàṣì ló mú un le, ọmọ mi. Ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á rọ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?"

"Rárá o. Ó ti pẹ́ tí a ti ń di sítáàṣì sínú àpò fún ọkọ̀ òkun. Ẹ̀gẹ́ wa ló lọ sílùú òyìnbó, tó daṣọ bora bọ̀. Ọmọ mi tó re àjò ló dé yìí. Wọn ọ̀pá mẹ́rin fún mi."