Bóòtù Ìbejì

Ìṣó lásán ni mo wá rà ní ọjà Boundary lọ́jọ́ yẹn, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àmọ́ ìyá arúgbó tó ń ta irin kò ráyè tèmi, torí ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ìgbòkun àwọn òyìnbó ṣe ní Àpápá ti gba iwájú mi, ó na bóòtù kan tó ti dípẹtà sí i.

"Màmá, irú eléyìí ni mo fẹ́, àmọ́ kó jẹ́ idẹ. Omi òkun ti jẹ irin yìí tán."

"Ọkọ̀ wo ló ń lò ó?"

"Kékeré kan ni, ma. Ó dà bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, bí ìbejì. Ìtọ́kọ̀ apá ọ̀tún, tí bóòtù yìí dì mú, ló já. Ẹyọ kan ti tó."

"Ìbejì kẹ̀! O fẹ́ ra ti Táyé, kó o má ra ti Kẹ́hìndé?"

"Ti Kẹ́hìndé ò tíì bàjẹ́, ma."

"Ṣé kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn? Ṣebí omi kan náà ni wọ́n jọ ń wẹ̀? Tí Kẹ́hìndé bá wá bínú láàárín ọ̀sà, ta ni yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́? Òyìnbó rẹ?"

Èmi gan-an ti ń mi orí. Ọkùnrin náà gbà.

"Òótọ́ lẹ sọ, ma. Ẹ mú méjì wá."

Ó kó méjèèjì sápò, ó sanwó ẹyọ kan.

"Owó èkejì dà?"

"Bàbá ìbejì ló dé sọ́jà, ma. Ẹ ta wọ́n lọ́rẹ."

Ìyá kọjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ rà? Má wulẹ̀ dárúkọ ọmọ kankan fún mi o!"