Báàgì Ìyá Àgbà Tí Mo Gbà Gbé

Allahu Akbar! Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má kùn ún sínú o, ẹ jẹ́ kó dé òkè: Allahu Akbar! Ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ di agbébọ́ǹbù ló dúró níwájú yín yìí. Èmi Ràṣídátù, tí ariwo bàǹgà ọdún tuntun ń lé wọ abẹ́ tábìlì! Alhamdulilahi.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Woodridge, nítòsí Chicago níbí. Ìyá òyìnbó tí mò ń tọ́jú, Miss Carol, ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n. Wọ́n ní kí ikú tó dé, àwọn fẹ́ fojú kan ibi mímọ́ ẹ̀sìn àwọn ní Éṣíà, pé èmi ni màá ti kẹ̀kẹ́ àwọn débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí báyẹn. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ, mi ò forí balẹ̀ fún nǹkan kan. Ìrun mi pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa padà, a tún yà síbẹ̀. Mo fi Miss Carol sábẹ́ ìbòòji. Ni mo bá rí ìyá àgbà kan, ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, wọ́n ń wọ́ báàgì gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí n káwọ́ sẹ́yìn kí n máa wò wọ́n? Wọn ò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tiwọn. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo gba báàgì, mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ère lókè, mo gbé e kalẹ̀ fún wọn, mo sọ̀ kalẹ̀. A wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di Chicago.

Ká tó balẹ̀, bọ́ǹbù ti dún níbẹ̀! Ní ẹ̀gbẹ́ ère yẹn gan-an. Àwọn tó wá gbàdúrà kú. Kí Ọlọ́run tu àwọn ará ilé wọn nínú. Mo sunkún nítorí ìyá àgbà yẹn, torí ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí.

Ẹkún ò tíì gbẹ lójú mi tí àwọn olùṣèwádìí fi kan ilẹ̀kùn. Kámẹ́rà ibẹ̀ ti yà mí! Obìnrin oníhíjáàbù, báàgì ńlá lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n gba pásípọ̀ọ̀tù mi. Agency tó gbà mí síṣẹ́ ní kí n má wá sí shift mọ́.

Ọ̀gá tó ń wádìí mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí.

"Ṣé o mọ obìnrin náà?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, sà."

"Ṣé ó ní kó o bá òun gbé e?"

"Wọn ò sọ̀rọ̀."

"Ṣé o mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Rárá."

"Kí ló dé tó o wá gbé e?"

"Wọ́n dàgbà, sà!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìdí."

Ẹ gbọ́ o! Ìyẹn kì í ṣe ìdí! Kí wá ni ìdí? Bílẹ̀ bá tún mọ́, ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ lánàá náà la ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó sú mi! Miss Carol sọ fún wọn pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àwọn olùṣèwádìí ní arúgbó ń gbàgbé nǹkan. Khadijat ọmọ mi, tí mo bí síbí, tí mo rò pé á gbè mí, òun náà kọjú sí mi: "Mummy, ta ló ń gbé báàgì stranger? They literally announce it at the airport!"

Mo ní, "Ṣé airport ni mo wà ni?"

"Mummy, please, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé it was a mistake."

Mistake kẹ̀! Kí n purọ́ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ran àgbàlagbà lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Nígbà tó yá, èmi alára ò mọ èyí tí mo lè búra sí mọ́. Àbí bọ́ǹbù ni mo gbé lóòótọ́? Mo tilẹ̀kùn yàrá, mo fi ìbínú bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kó forí jì mí. Mo ní, "Ìwọ lo rí inú báàgì yẹn, èmi ò rí i. Sọ̀rọ̀!"

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi àti lọ́yà mi wà ní ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gbé páálí ńlá wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ara mi ò gbà á! Kí n tó ronú, mo ti fò dìde, páálí ti wà lọ́wọ́ mi: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Gbogbo ilé pariwo, "Gbé e sílẹ̀!" Lọ́yà mi fọwọ́ bojú. Ọ̀gá yẹn nìkan ni kò pariwo. Ó wò mí, ó wo páálí, ó ní, "Madam, ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní, "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun á sọ fún àwọn tó ń ṣèwádìí lọ́hùn-ún pé kí wọ́n yé wá ẹni tó rán mi níṣẹ́, kí wọ́n wá ìyá náà.

Wọ́n rí ìyá! Subhanallahi, láàyè! Ìyá ti gbé báàgì wọn padà sí abúlé kí bọ́ǹbù tó dún. Òdòdó, àbẹ́là àti oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé, ọwọ́ sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní, "Madam, obìnrin náà ń béèrè ẹni tó bá òun gbé báàgì. Ó ní òun ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, mo ké bí ọmọdé. Khadijat dì mọ́ mi, òun náà ń sunkún.

Pásípọ̀ọ̀tù mi ti padà. Iṣẹ́ mi ti padà. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ tún dúpẹ́! Ìwọ tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn ohun tí o ò ṣe kàn, ní kóòtù tàbí níbi iṣẹ́, má purọ́ kára lè tù ọ́. Ọlọ́run tó rí ohun tí o ò rí kò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹ sì máa gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n á tún bi mí léèrè lọ́la, ìdáhùn mi ò yí padà: wọ́n dàgbà, sà!