Pupa Kọ́

Mo ń ra búrọ́ọ̀ṣì ní ìsọ̀ ọlọ́dà kan ní Kpakungu nígbà tí bàbá awakọ̀ kan wọlé wá béèrè ọ̀dà ẹ́ńjìnnì.

"Mo fẹ́ èyí tí ooru ò lè bó."

Obìnrin tó ni ìsọ̀ gbé agolo kan sílẹ̀. "Ẹ mú pupa, Bàbá. Òun ló ń fara da iná jù."

"Pupa kọ́."

"Haba, Bàbá! Ta ló ń wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì?"

"Èmi ni. Ọmọ mi kọlu tírélà lọ́nà Bídá, ó sì kú sínú ọkọ̀ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà nìkan ló kù, inú ọkọ̀ tèmi ni mo fẹ́ gbé e sí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Àmọ́ pupa yìí ló máa pẹ́ lára ẹ̀."

"Pupa ni mo fi ọjọ́ méjì fọ̀ kúrò lára ẹ̀."