Ẹ̀rí Tí Mọ́mì Jẹ́ Fún Dókítà

Ẹ jẹ́ ká yin ìdáhùn ńlá nì, “A dúpẹ́, ara le”, adé tí àwa ọmọ Yorùbá kì í ṣí lórí fún ẹnikẹ́ni, títí kan dókítà. Ní ibùdókọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Parsloes Park ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọ̀dọ́bìnrin ìjọ rẹ̀ tó sìn ín wá sílé ìwòsàn.

“Mọ́mì, ṣé dókítà fi kún oògùn tírọ́ìdì, oògùn ọrùn yín yẹn?”

“Rárá o. Ó bi mí bí ara ṣe rí, mo ní ‘I’m fine, thank God.’ Ó ní kí n máa lo iye tí mò ń lò bọ̀.”

“Fine báwo? Súwẹ́tà méjì lẹ wọ̀ nínú oòrùn yìí! Irun yín ń já, ẹ sì sùn nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù.”

“Mò ń ṣe àṣàrò ni.”

“Ẹ̀ ń hanrun, Mọ́mì.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Bí mo bá jí, àfi bí ẹni tí kò sùn. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi pe àìsàn mọ́ra ni?”

“Dókítà béèrè ìlera, ẹ̀yin dìde jẹ́rìí! Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé oògùn ò tó? Ẹ jẹ́ ká padà, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò.”

Ẹ̀yin dìde jẹ́rìí. Gbólóhùn yẹn bá mi wọ bọ́ọ̀sì. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwòsàn yẹn ni, nítorí èjìká tó ń dùn mí tí kì í jẹ́ kí n sùn. Nígbà tí dókítà bi mí bí ara ṣe rí, mo ní, “A dúpẹ́, kò sí wàhálà.”